Ẹja Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Òórùn ẹja yíyan ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba tó wà ní Èkó. Àwọn tó ti débẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ère idẹ àti adé oníìlẹ̀kẹ̀. Èmi náà rí wọn, wọ́n sì wù mí, ṣùgbọ́n ẹja àrọ̀ mẹ́rin tí mo gbé lọ síbẹ̀ nínú báàgì ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìkòròdú. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo fi dúró. Ó jẹ́ àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde, tí àwọn èèyàn ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn létí títì tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù wọn pe èèyàn. Nǹkan àtijọ́ ló máa ń fà mí mọ́ra. Tí mo bá rí ilé àtijọ́ ní Ìgbògbò, irú èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó sí ojú fèrèsé rẹ̀, màá dúró máa wò ó títí onílé á fi jáde wá bi mí pé ta ni mò ń wá, èmi á sì sá lọ. Ojú máa ń tì mí débi pé ọ̀gá mi máa ń sọ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n fi ojú wọn oníbàárà ju kí n ní kó gbé apá sókè lọ.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ̀sà. Ẹja ló ń yan láti kékeré. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ tí ọ̀gá mi bá fún wa láyè, òun ló sì sọ ìtàn àjẹ̀ bàbá rẹ̀ fún mi, ìyẹn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀. Apẹja ni bàbá náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ àjẹ̀ yìí, ó sì gbẹ́ ọ̀nì sí ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbà ṣì kéré, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sójú omi, ìwọ̀ sì há sí i ní gìgísẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ibi ọwọ́ àjẹ̀ náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní kó deyín mọ́ ọn dáadáa, ó wá fi ọ̀bẹ yọ ìwọ̀ náà. Ojú eyín ìyá àgbà, ìyẹn àpá ibi tó deyín mọ́, kò kúrò lára igi náà mọ́.

Lẹ́yìn tí bàbá náà kú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni àjẹ̀ náà wà fún ọdún pípẹ́. Ìgbà tí ìyá àgbà ti di abiyamọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó wọn pamọ́ sí Èkó kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè rí wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lójú omi lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà gbé àjẹ̀ náà fún wọn. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì béèrè ìwé kankan. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé tó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò pariwo. Ohun tó sọ ni pé, "O gbé ọwọ́ bàbá wa fún àlejò." Láti ọjọ́ náà, tí ohunkóhun bá sọnù nínú agbo ilé, ì báà jẹ́ korobá, á ní, "Ẹ lọ wò ó ní Èkó. Ibẹ̀ la máa ń kó nǹkan wa lọ." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ojú ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó pè mí sídìí ààrò tó ti ń yan ẹja.

"Ìwọ tó o fẹ́ràn nǹkan àtijọ́," ó ní, "lọ bá mi wò ó. Tó bá wà níbẹ̀, kí n mọ̀. Tí wọ́n bá ti tà á fún òyìnbó, kí n mọ̀ náà. Má fi irọ́ tù mí nínú o."

Mo ní ó dáa. Ó wá mú ẹja àrọ̀ mẹ́rin, ó fi ìwé ìròyìn wé wọn.

"Kí lèyí wà fún, ìyá àgbà?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Ṣé ọwọ́ lásán lo fẹ́ mì lọ? Kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi òróró pa á. Igi yẹn kì í fẹ́ kí ara òun gbẹ."

Lójú mi nígbà náà, kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo gba Agbọ́wá padà sí Ìkòròdú, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lọ aṣọ mi tó dáa jù, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ń fa imú. "Ẹlẹ́ja, èló ni?" Mi ò lè sọ fún un pé kì í ṣe títà. Mo kàn ń mi orí títí a fi dé Èkó, ó sì dá mi lójú pé ó rò pé odi ni mí.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà tọ́ka sí báàgì mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹja ni, sà."

"Ta lo fẹ́ gbé ẹja fún níbí?"

"Àwọn tó ń tọ́jú àjẹ̀ bàbá ìyá mi àgbà."

Ó wò mí títí. "Ère ló pọ̀ nínú ilé yìí, àbúrò mi. Wọn kì í jẹun." Ó gba báàgì náà, ó fi í sábẹ́ tábìlì rẹ̀. "Wọlé. Mi ò ní jẹ ẹ́."

Mo wọlé. Kí n má parọ́, mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró níwájú àwọn ère bí ìgbà tí mo máa ń dúró níwájú ilé àtijọ́, ṣùgbọ́n níbí ẹnikẹ́ni kò wá lé mi. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí wọ́n kó irinṣẹ́ àwọn apẹja sí. Mo rí ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja, mo rí àwọ̀n, mo tún rí àjẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nì lára rẹ̀, odò ibòmíràn ló sì ti wá. Mo fi ìka tọ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Mo yí gbogbo ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí Ẹ̀pẹ́ níbì kankan.

Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì jókòó sórí àga nítòsí ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá níwájú rẹ̀ tí ẹnu mi kò là. Mo jáde. Mo gba báàgì mi, mo dúpẹ́, mo ti dé ojú títì kí òórùn ẹja náà tó kọ lù mí. Mo lè sọ fún ìyá àgbà pé mi ò rí àjẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ẹja yìí padà délé, ẹja náà á sọ fún un pé mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo padà. Ẹni ẹnu ọ̀nà kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ obìnrin onígíláàsì, mo kúnlẹ̀, mo gbé báàgì náà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Ẹja ni, mà. Ìyá mi àgbà ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní ẹ ṣé."

"Mo ṣe kí ni?"

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi, ìwọ̀, ọ̀nì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, korobá tó sọnù. Obìnrin náà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún.

"Àwọn tó ń wá bi wá pé kí ló dé tá a kó nǹkan àwọn, wọ́n pọ̀," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ẹja wá rí." Ó ní ohun tó wà ní yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí pọ̀ ju èyí tó wà níta lọ.

"Ṣé mo lè wọ ibẹ̀, mà?"

"Wọn ò ní gbà fún ẹ. Èmi lè wọlé. Kí ni màá fi dá a mọ̀?"

"Ọ̀nì wà lára rẹ̀. Ojú eyín sì wà níbi ọwọ́."

"Eyín ta ni?"

"Ti ìyá mi àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bébà tí a fi ń gé àwòrán aṣọ wà nínú báàgì mi, ṣọ́ọ̀kì aránṣọ aláwọ̀ búlúù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo kó wọn fún un. Mo ní kó tẹ bébà náà mọ́ ibi tí ojú eyín wà, kó rọra fi ṣọ́ọ̀kì ra á lórí, ibi tó bá jìn kò ní gba ṣọ́ọ̀kì, ojú eyín á fi hàn níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo kọ́ àgbàlagbà ní nǹkan.

Ó pẹ́ kó tó jáde. Eruku wà lára gèlè rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Orí pẹpẹ ló wà, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n so mọ́ ọn."

"Ṣé wọ́n ń fi òróró pa á, mà?"

Ó ronú. "A kì í fi òróró pa wọ́n. Àmọ́ ara rẹ̀ ṣì ń dán."

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ padà, mo tú bébà náà wò. Ojú eyín méjì wà lápá kan, méjì wà lápá kejì, àárín wọn kún fún ṣọ́ọ̀kì. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo rò pé obìnrin náà kò tẹ bébà dáadáa. Lẹ́yìn náà mo tún rò pé bóyá kò tilẹ̀ rí nǹkan kan, pé àánú mi ló ṣe é tó fi dọ́gbọ́n ya á. Tí mo bá fi èékánná ha ṣọ́ọ̀kì àárín yẹn díẹ̀, eyín á pé, inú ìyá àgbà á sì dùn. Mo ti gbé èékánná lé e. Mo rántí ohun tó sọ nípa irọ́, mo ká bébà náà padà.

Lópin ọ̀sẹ̀ mo dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán. Àbúrò rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo sọ gbogbo ohun tí ojú mi rí, mo tẹ́ bébà náà sórí itan ìyá àgbà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, kò rí i.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mẹ́rin. Méjì níbí, méjì níbí. Kò sí eyín láàárín. Bóyá wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìyá àgbà."

Mo rí i tí ahọ́n rẹ̀ ń rìn kiri nínú ẹnu.

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ó ní. "Méjì iwájú ti yọ nígbà yẹn. Bàbá mi ló bá mi jù wọ́n sórí òrùlé."

"Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi."

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ló bi mí?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí kò sí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀ mọ́. "Nínú gbogbo eyín tí Ọlọ́run fún mi," ó ní, "mẹ́rin yìí ló kù. Èkó ni wọ́n wà."

Abẹ́rẹ́ àwọ̀n ti dúró lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Obìnrin náà ní wọ́n fi aṣọ wé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Aṣọ funfun?"

"Funfun ni."

Ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀. Kò gbójú sókè nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Tó o bá tún ń lọ, gbé àdín díẹ̀ dání. Igi yẹn kì í fẹ́ kí ara òun gbẹ."

Mi ò gbọ́ kó dárúkọ Èkó sí ohun tó sọnù mọ́.

Ìyá àgbà àti àbúrò rẹ̀ ti di olóògbé báyìí. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo fi ọ̀rá bo bébà náà, mo so ó mọ́ ògiri, àwọn oníbàárà sì máa ń bi mí pé àwòrán aṣọ wo nìyẹn. Mo ṣì máa ń lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pẹ̀lú ẹja. Obìnrin onígíláàsì ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì gbé àjẹ̀ náà síta, mi ò tíì fojú kàn án títí dòní. Wọn kì í jẹ́ kí n fi àdín sílẹ̀. Ẹja nìkan ni wọ́n máa ń gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eyín iwájú kejì yọ lẹ́nu ọmọbìnrin mi. Ó fẹ́ jù ú sórí òrùlé, mo ní kó dúró ná. Mo já bébà náà lára ògiri, mo gbé e síwájú ẹnu rẹ̀, mo ní kó ṣí eyín fún mi. Méjì níbí, méjì níbí. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo jókòó tì í, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ibi ìwọ̀.