Ẹṣin Funfun Ẹnu Géètì

Òórùn ọ̀dà àti ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo pa, tí ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì wá gbẹ mọ́ ara wọn, ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti súnmọ́ ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì wa. Ère ni mò ń tà níbẹ̀: ẹlẹ́ṣin, ìyá tó pọnmọ, orí tí kò lọ́rùn. Láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń kó wọn wá fún mi. Ẹni tó jókòó tì mí, Alhaji kan láti Ìlọrin, àwòrán ọlọ́dà ló ń tà, ó máa ń fi wọ́n kọ́ ìṣó lára ògiri bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwa méjèèjì nìkan ni Yorùbá níbẹ̀. Ọkọ mi ti lọ wáṣẹ́ sí Kàdúná, Kàdúná sì gbé e mì láìfomi sí i. Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní àdúgbò Ali Kazaure, ògiri ni mò ń bá ṣàròyé, ògiri náà ò sì gbọ́ Yorùbá.

Alhaji ní àṣà kan. Bí ó bá ti tajà àkọ́kọ́ láàárọ̀, tí oníbàárà mìíràn yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tí èmi ò sì tíì tà, á nawọ́ sí ìsọ̀ mi: "Èmi ti tà. Lọ bá ẹni yẹn." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo ní, "Alhaji, ṣé sàráà lẹ̀ ń ṣe fún mi ni?"

"Ìyá Elére, panu ẹ dé, kó o gba oníbàárà ẹ. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá ṣoore fún yín, ẹ á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ wò."

Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ọjà dùn nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń wa kúsà ṣì kún ìlú. Wọ́n á ra ère lónìí, wọ́n á mú ọ̀rẹ́ wọn wá lọ́la. Nígbà tó yá, kúsà ò lówó lórí mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Lọ́gbẹlẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ṣe ni wọ́n ń gbé ère padà wá. Obìnrin kan gbé ẹlẹ́ṣin tí mo fọwọ́ ara mi tà fún un dé, ó ní ohun àtijọ́ ni, kí n rà á. Mo wo ẹlẹ́ṣin, ẹlẹ́ṣin wò mí. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ni, èmi kì í sì í ra ọmọ ara mi. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ẹni tó ń ta àpò awọ tẹ̀ lé e. "Babu kasuwa," ni wọ́n ń wí, kò sọ́jà. Ó wá ku èmi àti Alhaji.

Àwọn ọmọ Alhaji sì ti ń ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin pé kó máa bọ̀ wá sinmi. Ọ̀rẹ́ mi, èyí bà mí lẹ́rù ju àìtajà lọ. Bí Alhaji bá lọ, ta ni màá bú? Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń bò ó.

"Alhaji, ìgbà wo lẹ fẹ́ sá lọ?"

"Haba! Èmi tí mò ń tajà? Mo ti ta ẹṣin kan kó o tó nu ojú oorun."

Ayàwòrán kan ní Naraguta ló ń ya ẹṣin yẹn fún un: ẹṣin funfun, onírawàní lórí rẹ̀, àpáta lẹ́yìn. Òun nìkan ni ayàwòrán náà mọ̀ ọ́n yà, kò sì mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Ẹsẹ̀ iwájú kan kúrú. Bí Alhaji bá ta ọ̀kan, òmíràn á gba orí ìṣó, tòun ti ẹsẹ̀ kúkúrú. Torí náà, bó bá ní òun ti tà, mo gbà. Bí òyìnbó kan ṣoṣo bá yọ, ọwọ́ Alhaji á gbéra: "Èmi ti tà. Lọ bá ẹni yẹn." Ìwọ̀nba ère tí mo tà lọ́gbẹlẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ bo títì, mi ò bá Alhaji níbẹ̀. Mo rò pé ó pẹ́ ní mọ́ṣáláṣí ní Dilimi ni. Oníbàárà kan yọ, ó ra orí kan. Mi ò tíì nu ọwọ́ tán tí òmíràn dé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé Alhaji ò tíì dé. Ó tó gẹ́ẹ́, ó kan èmi náà láti nawọ́! Mo nawọ́: "Èmi ti tà. Lọ bá..." Òyìnbó náà wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. Ògiri àti ìṣó lásán ló wà níbẹ̀.

Maigadi tó ń ṣọ́ géètì ló wá fi Hausa sọ fún mi pé àwọn ọmọ Alhaji ti wá mú un, wọ́n ti wọkọ̀ Ìlọrin ní ìdájí. Ó ní Alhaji sọ pé òun ò lè dúró dá gbére fún mi, pé ẹnu mi mú, màá fi òun rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú òun. Ó wá gbé ẹṣin funfun kan lé mi lọ́wọ́, ó ní Alhaji ní kí wọ́n fún mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ayàwòrán Naraguta wá wá oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí ni òun fi ṣẹ Alhaji, tó fi jẹ́ pé látìgbà tí òjò ti dá, kò gba ẹṣin kankan lọ́wọ́ òun mọ́? Mo ní irọ́ ni, ojoojúmọ́ ló ń tà á. Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Mo bojú wo ẹṣin tó fara ti ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀kan ṣoṣo náà ni. Òun náà ni mò ń kí láràárọ̀, tí mò ń pè ní òmíràn. Alhaji ò ta nǹkan kan. Ó kàn ń so ó kọ́, ó jókòó tì mí, ó ń ní òun ti tà, bí àgbà ṣe máa ń ní òun ti yó kí ọmọdé lè jẹ ẹran.

Mo ti padà sílé tipẹ́. Àárín èrò ni ìsọ̀ mi wà báyìí, ariwo wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi. Ẹṣin arọ náà wà lókè orí mi, wọ́n sì máa ń bi mí pé ta ló ya irú ìyà báyìí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí mo bá ti tajà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi á gbéra fúnra rẹ̀, á máa wá ibi tí yóò nà sí.