Àdúrà Orí Yìnyín

Ọmọ-ọmọ mi fẹ́ àbẹ́là pa nílé wa ní Houston, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi. Bàbá mi ń kàwé níbí nígbà náà. Wọ́n wakọ̀ gbé èmi àti ìyá mi kúrò ní Texas lọ sí òkè kan tí yìnyín bò, kí wọ́n lè tan àbẹ́là gbàdúrà lórí rẹ̀. Yìnyín náà kò le bí òkúta o. Ó funfun bí òwú, ó ń dún lábẹ́ bàtà wa bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Nígbà tí a dé téńté, bàbá mi bọ́ bàtà, nítorí àwa Aládùúrà kì í wọ bàtà ní ilẹ̀ mímọ́.

“Bàbá Dúpẹ́, yìnyín mà ni!” ni ìyá mi kígbe.

“Ilẹ̀ mímọ́ ni. Yéè!”

Bàbá mi ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. “Baba! Jẹ́ kí ọmọ yìí! Yéè! Dúró!”

Èmi náà ń fò, mo ń ṣe àmín. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà lórí òkè nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oyún méjì ti bàjẹ́ lára ìyá mi lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, àti pé oyún kẹta ló wà nínú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú yìnyín. Lójijì, wọ́n di ikùn mú.

“Ó sọ! Bàbá Dúpẹ́, ọmọ yìí mira nínú mi!”

Bàbá mi dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, bí ẹni pé yìnyín kò tutù mọ́.