Ẹni Tó Kí Mi Láti Ẹ̀yìn Pátákó

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mi ò mutí, mi ò sì sùn. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi sì là kedere.

Olùkọ́ ni mí níbí, ní Monrovia. Mo gba ilé kékeré kan ní àdúgbò Barnersville nítorí ìyàwó mi, Bọ́lá, àti àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun, tí mo ń dá sùn. Kí n má purọ́, ó ti sú mi.

Pátákó funfun ni wọ́n fi pín pálọ̀ sí méjì, àlàfo sì wà láàárín pátákó kan sí èkejì. Mo fi omi po ìyẹ̀fun pọ́tì, mo ń fi dí àwọn àlàfo náà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù.

Ni obìnrin kan bá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn pátákó pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní dáhùn? "Òo, ẹ ṣé mà," ni mo wí, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Ta ló tún ń kí mi báyìí ní ìlú yìí?

Ìgbà náà ni mo rántí pé yàrá tó wà lẹ́yìn pátákó náà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò mi.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?"

Mo dáhùn pé, "Èmi nìkan ni, mà."

"Èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí àlàfo náà tán."

Mo ṣí yàrá náà. Kò sí ẹnì kankan. Eruku bo ilẹ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Ó yẹ kí n sá. Ṣùgbọ́n mo padà sídìí iṣẹ́, mo ń fetí sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi náà sì ṣe mí.

Aládùúgbò mi, Ma Hawa, yọjú lójú fèrèsé. "My son, da who you talking to so?"

"Nobody, Ma."

Ó wo pátákó náà, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ nínú òjò.

Nígbà tó yá, Bọ́lá pè mí lórí fóònù. À ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò wọn lọ́wọ́, ló bá béèrè pé,

"Obìnrin wo ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"Kò sí obìnrin kankan."

"Bàbá Tọ́lá, mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n má ṣèyọnu mọ́, òun ti ń tọ́jú yín."

Títí di òní, Bọ́lá kò tíì wá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Àlàfo kan ṣoṣo ló kù lára pátákó yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé lájò, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Wọn ò sọ ti ìkíni. Èmi ń sọ ọ́ fún yín: ẹ kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó kí yín.

Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá dí àlàfo yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí ohùn náà bá ní, "Ẹ kú àbọ̀," mo máa ń dáhùn.