Irun Tí Wọ́n Pè Ní Dàda

Òórùn ekùrọ́ tí wọ́n ń yan láti fi ṣe àdín ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa ní Erunmu, kí ó tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Òórùn tó wúwo ni, ó máa ń ta ènìyàn nímú díẹ̀, ó sì máa ń bá aṣọ sùn títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ní Ìbàdàn, nílé ìyàwó òyìnbó oníwàásù tó kọ́ mi ní ìwé kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òrí ni a fi ń para. Ṣùgbọ́n ní Erunmu, àdín ni wọ́n fi ń ra ọmọ lára, òun ni wọ́n fi ń pa irun, òun náà ni wọ́n ń wá kiri bí gìrì bá gbé ọmọ. Kí ọdún méjì tó pé, èmi gan-an ti ń yan ekùrọ́, àwọn tó bá ń kọjá lọ sì ń yínmú sí mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́, ọkọ mi sì wà lójú ogun. Ọmọbìnrin mi, ọmọ mi kan ṣoṣo nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni. Bí ọyẹ́ ṣe wọlé ni ibà dá mi dùbúlẹ̀, ibà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Odindi oṣù méjì ni n kò fi lè gbé ìkòkò omi. Ìyá ọkọ mi ló gba ọmọ náà pọ̀n. Bí wọ́n bá ń lọ sóko, ẹ̀yìn wọn ló wà. Bí wọ́n bá ń lọ àgbàdo lórí ọlọ, ẹ̀yìn wọn náà ni. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n á tún gbé e pọ̀n. Láti orí ẹní mi ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin fún un, ọkàn mi á balẹ̀, oorun ibà á sì tún gbé mi.

Nígbà tí ara mi yá tó láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọmọ mi lé itan, mo fọwọ́ pa á lórí, ọwọ́ mi sì dúró. Ní apá òsì orí rẹ̀, láti ẹ̀bátí dé ìpàkọ́, irun náà ti lẹ̀ pọ̀, ó ti ta kókó ní ṣùù-ṣùù. Kókó mẹ́fà ni, ó le bí èso igi. Apá ọ̀tún ní tirẹ̀ rọ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Mo gbé e lọ bá ìyá onídìrí agbo ilé wa, àgbà obìnrin kan tí kò sí orí obìnrin ládùúgbò tí ọwọ́ wọn kò tíì dé. Wọ́n ti ń na òòyà bọ̀ kí wọ́n tó rí apá òsì náà. Wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

“Ìyàwó, ṣé o kò ríran ni? Dàda lo bí. A kì í fi òòyà kan irun dàda.”

O mọ bí ọ̀rọ̀ dàda ti rí nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá ti ọ̀run mú irun tó ta kókó wá, a kì í yà á, a kì í gé e láìṣe ètò. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn ni yóò gbé ọmọ náà dè. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo agbo ilé ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn yóò se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé, àwọn yóò so owó ẹyọ mọ́ irun náà, láti ọjọ́ náà lọ, Dàda ni a ó máa pè é.

Orúkọ kọ́ ló dà mí láàmú. Ọmọ náà ń họ orí. Ó máa ń fi ẹ̀bátí òsì nu ògiri bí àgùntàn tí ara ń yún. Nígbà tí mo gbé etí kókó kan sókè, mo rí i pé awọ orí abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń ṣomi. Tó bá jẹ́ dàda ni, a ó gbà pé bó ṣe wá nìyẹn. Tí kì í bá ṣe dàda, ìyà asán ni ọmọ mi ń jẹ, lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án kò sì ní sí ẹni tí yóò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tú dàda tòótọ́ ńkọ́, tí ibà wá gbé e? Ìyàwó òyìnbó ti sọ fún wa tipẹ́ pé asán ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó òyìnbó kò bímọ. Ó rọrùn láti pe nǹkan ní asán nígbà tí kò sí ọmọ tìrẹ lórí itan.

Mo bi ìyá ọkọ mi léèrè bóyá wọ́n rántí pé irun rẹ̀ rọ̀ nígbà tí a bí i. Wọ́n ní ti ẹlòmíràn kì í fara hàn títí yóò fi máa rìn. Mo bi ìyá onídìrí ìdí tó fi jẹ́ apá kan ṣoṣo. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìyàwó alákọ̀wé, inú ìwé wo ni wọ́n kọ irun sí?” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ kejì mo gbé ọmọ lọ sí abà wa lóko, mo ní mo fẹ́ lọ pa ekùrọ́. Nígbà tí ó sùn lórí itan mi, mo yọ ìkòtí kúrò nínú irun mi, mo fi ẹnu rẹ̀ tú ṣónṣó kókó kan wò. Èso ẹ̀ẹ́mọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ lóko ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Mo tún fà á díẹ̀, nǹkan kan tẹ̀ lé ìkòtí náà jáde, mo rò pé irun ni, ṣùgbọ́n irun kì í ní àwọ̀ aró. Mo gbé e sójú oòrùn. Fọ́nrán òwú ni. Mo tún rí òmíràn, mo tún rí òmíràn. Mo mọ òwú náà bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi: ti kíjìpá àtijọ́ tí ìyá ọkọ mi máa ń ró pọn ọmọ ni, èyí tó ti gbó tó ń hu irun fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ apá òsì wá yé mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ọmọ yìí máa ń fi lé ẹ̀yìn ẹni tó bá pọ̀n ọ́n, láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó. Fún oṣù méjì ni ẹ̀yìn ń lọ, tí ẹ̀yìn ń bọ̀, nínú erùpẹ̀ àti ọyẹ́, láìsí omi, láìsí òróró. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín láìlóhùn. Ọmọ kì í ti ọ̀run mú òwú kíjìpá ìyá àgbà rẹ̀ wá.

Bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń tán ni ọkàn mi tún wúwo. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Ẹni tó gba ọmọ mi sílẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ kú, ṣé n ó wá dúró níwájú wọn kí n sọ pé ẹ̀yìn yín ló ba irun ọmọ mi jẹ́? Mo ní n ó kọ́kọ́ tú u ná; n ó wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ bó bá yá.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń tú u? Onídìrí ló ń ṣe orí mi láti kékeré, tèmi ni kí n tẹrí ba. Orí ara mi ni mo fi dán an wò. Mo ya irun díẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́bàá etí, mo lọ́ ọ mọ́ra títí ó fi ta kókó mẹ́ta. Mo da omi sí ọ̀kan, ó fún bí okùn. Mo fi àdín sí èkejì, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, kókó náà kò sì tú. Èyí tó kù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi rin ín, mo wá fi òrí tí oòrùn ti yọ́ lé e lórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣónṣó, kì í ṣe láti ìdí. Ìka mi wọlé. Inú mi dùn débi pé mo tún ta òmíràn ní kókó kí n lè tún tú u. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú irun ọmọ mi ní abà, díẹ̀ díẹ̀, tí ó bá ti sùn. Tí a bá ń darí sílé, mo máa ń fi aṣọ wé e lórí, mo ní nítorí ọyẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, kókó méjì péré ló kù. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi ni, wọ́n gbé iṣu sísun wá fún mi. Wọ́n rí orí ọmọ, wọ́n rí ìkòtí lọ́wọ́ mi.

“Kí lo ń ṣe, ìyàwó?”

Ìdérí igbá tí mo ń kó àwọn òwú náà sí ni mo rọra tì sí iwájú wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi ìka méjì yí i, wọ́n wo etí aṣọ tó wà nídìí wọn.

“Ẹ̀yìn mi nìyí,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Ẹ̀yìn yín náà ló gbà á là, Ìyá.”

Wọ́n jókòó sórí àpólà igi. Wọ́n wá sọ fún mi pé ọjọ́ kan wà nínú àìsàn mi tí wọ́n pè mí títí tí n kò dáhùn. Ọjọ́ náà ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ kan kókó kan lórí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Wọ́n ní ara àwọn balẹ̀. Wọ́n ní àwọn sọ lọ́kàn ara àwọn pé ọmọ tó gbé irú orí yìí wá kò wá ṣeré; bí ikú bá tilẹ̀ mú ìyá rẹ̀ lọ, kò ní mú èyí. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé kì í ṣe dàda. Mo ní ó dá mi lójú.

“Kò dá èmi lójú,” ni wọ́n wí. Wọ́n fi omi ṣan ọwọ́. “Sún sọ́hùn-ún.”

Àwọn ni wọ́n tú méjì tó kù. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, mo sọ fún wọn pé láti ṣónṣó ni, wọ́n ní ta ló kọ́ mi, mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi, wọ́n ní, “Hẹn.”

Nígbà tí a délé, ìyá onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ kò wé aṣọ mọ́rí. Wọ́n dìde, wọ́n wò ó, wọ́n wá wò mí, wọ́n béèrè ẹni tó tú u. Mo ti ya ẹnu, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti sáájú mi.

“Èmi ni. Ohun tó bá fẹ́ dé, kó wá bá mi.”

Ìyá onídìrí kò fi òòyà kan orí ọmọ mi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Èmi ni mo ń dì í. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dì, ó wọ́ sọ́tùn-ún, ó wọ́ sósì, àwọn ìyàwó ilé sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kòlẹ́sẹ̀ tèmi lẹ́sẹ̀, ó tilẹ̀ ń sáré. Egbò orí náà san. Ibà kankan kò gbé e.

Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé ìtàn bí mo ṣe gbọ́n ni ìtàn yìí. Mo máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, òwú aró ni mo máa ń fi parí rẹ̀, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo bí èkejì, tí mo sì di ẹni tí ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ ní àràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ibà ti dé, ni mo wá rántí pé ìyá ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí a tú irun náà, tí wọ́n rò pé n kò rí wọn. Èmi tó dá lójú pé kò séwu, kò sí ohun tí mo fi wewu. Ìyá ọkọ mi gbà pé ewu wà, wọ́n sì dúró síwájú rẹ̀.