Hilmo àti Àwọn Kòkòrò Abẹ́ Òkúta

Ẹni bá rí Hilmo níjòókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ̀n, kó jọ̀ọ́ wá pè mí. Láti ìgbà tí mo ti di ará ilé kejì wọn, mi ò rí i kó mu ife kọfí kan tán lórí ìjókòó rí. Á mu díẹ̀, á dìde, á lọ yọjú sódò, á padà, á tún dìde. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ló gbà á lọ́kàn. Ibẹ̀ ló ti ń fi ìwọ̀ pa ẹja alámì pupa láti kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìyẹ́ àkùkọ àti òwú ṣe kòkòrò ẹ̀tàn tó ń so mọ́ ìwọ̀ náà.

Ọ̀dá èṣí ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Omi gbẹ, ẹja kú. Nígbà tí òjò dé, omi padà, kòkòrò inú omi padà, ẹja ò padà. Ni Hilmo bá ní bí ẹja ò bá gòkè wá láti odò ńlá kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, òun ò ní nǹkan ṣe ní abúlé yìí mọ́. Àwọn máa ta màlúù, àwọn á kó lọ bá Nejra ọmọ wọn ní Ọ́síríà. Zejna, ìyàwó rẹ̀, wà nítòsí. Ó ń fún wàrà màlúù rẹ̀ lọ.

Láràárọ̀ ni ọkùnrin yìí ń wọ odò, omi dé e lórúnkún, tí á máa yẹ òkúta wò.

"Rasema, wá wo ìwàkiwà! Ojúmọ́ ti mọ́ kedere, orí òkúta ni àwọn kòkòrò yìí ṣì wà! Wọ́n ń jẹun bí ẹni wà níbi ìgbéyàwó!"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

"Wọn ò bẹ̀rù ẹnì kankan ni! Tí ẹja bá wà níbí, ta ló jẹ́ yọjú nínú wọn? Òórùn ẹja lásán tó bá gba inú omi kọjá, abẹ́ òkúta ni wọ́n máa sá sí. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó jáde wá jẹun."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ká má tiẹ̀ tíì sọ Zejna tó ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Ewé ti ń wọ́ lórí igi, otútù ti mú, lọ́jọ́ tí Hilmo já wọ ilé ìdáná mi láìwọ bàtà. Ìyẹ̀fun pípò ni mo ń nà lórí tábìlì.

"Wọ́n ti sá! Rasema, abẹ́ òkúta ni gbogbo wọn wà! Ẹja ti dé!"

Ó fẹnu kò mí níwájú orí, lójú ọkọ mi! Ó fa fóònù yọ kó pe Nejra, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ló bá sáré lọ mu omi níbi ọpọ́n òkúta tí omi ìsun ń ṣàn sí níwájú ilé wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kò mu ún.

Ẹja alámì pupa kan ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a máa ń fi ẹja kan sínú ọpọ́n omi kó lè máa jẹ kòkòrò inú ẹ̀, kí omi lè mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá Hilmo ti kú, kò sẹ́ni tó fi ẹja sínú èyí mọ́. Inú odò tààrà sì ni omi tó bá kún bò níbẹ̀ ń ṣàn lọ, tòun ti òórùn ẹja.

Hilmo wo ẹja, ó wo odò nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ìyá Nejra! Ta ló fi ẹja síbí?"

Zejna jáde láti ilé màlúù, korobá lọ́wọ́. "Èmi ni. Mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja nísàlẹ̀."

"Kí omi lè mọ́, àbí?"

Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá o. Bàbá Nejra, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó lẹ ti ń ro ẹjọ́ kòkòrò fún mi. Ẹ rò pé mi ò gbọ́?" Ó gbé korobá kalẹ̀. "Mi ò fẹ́ lọ. Mi ò fẹ́ lọ kú sórí àjà kẹrin nílùú onílùú. Ẹ ò bi mí rárá. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan!"

Yéè! Mo rò pé ilé máa dàrú. Hilmo jókòó sétí ọpọ́n. Ó pẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mì. Lẹ́yìn náà ló tẹ fóònù.

"Bàbá mi, ṣé ẹja ti dé?" Mo ń gbọ́ Nejra láti ibi tí mo dúró sí.

"Kò dé," ni Hilmo wí. "Ìyá ẹ ò fẹ́ wá. A ò wá mọ́."