Mo Kí Ìyá Àgbà Bí Ẹni Kí Ẹgbẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni tábìlì tí mo fi ń ta bérìn ọkọ̀ fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà kan ní Suame Magazine, ọgbà ńlá àwọn mẹkáníìkì. Ẹgbẹ́ ni wá. Twi, èdè ìlú ibẹ̀, la fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Híńdì la fi ń ṣeré. Bí mo bá ti dé láàárọ̀, màá ké sí i pé, "Arre yaar, kya haal hai?" Ìyẹn ni pé, ọ̀rẹ́, báwo ni nǹkan? Àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ló sọ pé ìyá òun ń bọ̀ láti Íńdíà. Ìyá yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù gan-an, wọ́n ní kì í fẹ́ kí nǹkan dí ẹnu ọ̀nà òun. Lójú mi, tábìlì mi ti wà lójú títì. Èmi tí mo ń bá awakọ̀ akẹ́rù fa ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ìyá arúgbó tí n kò rí rí ń bà mí!

Ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi ní ìkíni àgbà: "Namaste, Maa-ji." Ó ní "ji" yẹn ló ń bọ̀wọ̀ fúnni, bí "ẹ" tiwa; "yaar" ńkọ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni, kí n má dán an wò. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọ́ ọ níwájú díńgí nílé wa ní Sawaba.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ṣé ìyá arúgbó lẹ fẹ́ lọ kí ni, àbí ìyàwó tuntun lẹ fẹ́ lọ fẹ́?"

Ọjọ́ pé. Mo wọ jalabíà funfun. Ìyá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ le koko. Ó wo tábìlì mi, ó wò mí. Gbogbo ohun tí mo kọ́ sá lọ. Ohun tó ti mọ́ ẹnu mi lára ló já bọ́: "Arre yaar, kya haal hai?"

Fítà kan ní, "Ei, Wofa!" bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni ní Twi, àfi bí ẹni ń kí mi pé ó dìgbà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí mi. Kí ẹnu tó parí ìwà ìbàjẹ́ rẹ̀, ara ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí, tí mo sọ fún ilẹ̀ pé, "...ji."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí ọmọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lọ títí. Ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ojú ń tì í: "Ó ní èmi tí òun bí, bí mo bá ń kí òun, orúnkún òun nìkan ni mo ń fọwọ́ kàn, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. Ìwọ tí òun ò bí lo na gbogbo ara."

Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre. "Arre yaar, utho!" Ó ní kí n dìde. Bí mo ti dìde, ó tọ́ka sí tábìlì mi, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo fọwọ́ méjèèjì di tábìlì náà mú.

"Ó ní kí wọ́n gbé e wọlé," ọ̀rẹ́ mi wí. "Ó ní oòrùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọ̀rẹ́ òun."

Abẹ́ fáànù ni mo wà báyìí. Ìyá ti padà sílé, ṣùgbọ́n bó bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, "Yaar-ji" ló kọ́kọ́ ń béèrè. Ọ́ìlì ò kúrò lára jalabíà yẹn. Mi ò sì jẹ́ kí ìyàwó mi fi ọṣẹ kàn án mọ́.