Àbá Tíṣà Àgbà ní Bódìjà

Òórùn ìwé àtijọ́ ló kí mi káàbọ̀ ní pálọ̀ tíṣà físíìsì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Bódìjà. Akọ̀ròyìn tuntun ni mí nígbà náà, ẹsẹ̀ mi yá ju orí mi lọ. Ohun tí gbogbo ayé ń kọ́ ni pé bí òòfà, irin tó ń fa irin, bá rìn lọ bá wáyà tí a ká, tàbí tí wáyà náà bá rìn lọ bá òòfà, iná mànàmáná kan náà ni yóò jáde, nítorí ìrìn ọ̀kan sí èkejì nìkan ló ṣe pàtàkì. Tíṣà ní irọ́ ni. Wọ́n ní ohun kan wà tó kún òfuurufú tí kì í mira, èyí tó bá ń gba inú rẹ̀ kọjá nínú òòfà àti wáyà ló sì ń mú ìyàtọ̀ wá. Iná méjèèjì kò lè dọ́gba láéláé. Wọ́n fẹ́ kéde rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ ní gbọ̀ngàn kan ládùúgbò Challenge. "Àwọn tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú wọn pàápàá gbà pẹ̀lú mi," ni wọ́n wí. Kí n tó jáde, mo ti kọ àkọlé ìròyìn mi tán nínú ọkàn: ará Ìbàdàn borí òyìnbó.

Olóòtú wa ní Ring Road kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ wá ẹnìkejì." Mo kọjá Agbówó, mo wọ yunifásítì lọ bá obìnrin kan, ẹgbẹ́ mi, tó ń kọ́ni ní físíìsì níbẹ̀. Tíṣà yìí ló kọ́ òun náà nígbà kan. Mo ro àbá náà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò wo ojú Tíṣà, kó ní wọ́n ti ṣàṣìṣe? Bí a bá ti débẹ̀, ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lọ sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ ìsinsìnyí yóò fi wọ́n ṣẹ̀sín títí."

A jọ padà lọ ní Sátidé. Obìnrin náà kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹnu kì í wọn nǹkan, mítà ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọ̀n ọ́n kí n rí i."

"Dìde jàre, oníbéèrè! Ìbéèrè rẹ kò kúkú lópin láti kékeré."

Obìnrin náà so òòfà mọ́ ọkọ̀ ìṣeré kan, ó gbé pákó sókè lápá kan kí eré ọkọ̀ náà má baà yàtọ̀, Tíṣà sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Abẹ́rẹ́ mítà tí wọ́n so mọ́ wáyà fò. Lẹ́yìn èyí, wáyà ló gun ọkọ̀, òòfà ló dúró. Ibi tí abẹ́rẹ́ fò dé tẹ́lẹ̀ náà ló tún dé. "Tún un ṣe," ni Tíṣà wí. Wọ́n tún un ṣe títí ìyàwó wọn fi ké láti ilé ìdáná: "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ọmọdé lẹ wá ń wà báyìí?" Èmi, nítorí àkọlé mi, ń gbàdúrà sí abẹ́rẹ́ pé kó ṣàánú mi.

Tíṣà jókòó. "Láti ọdún wo lẹ ti ń sọ ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ fún mi?"

Wọ́n yíjú sí obìnrin náà.

"O ṣeun tí o bi mí. Akọ̀ròyìn, kọ ọ́ pé àbá mi ti ṣubú. Ṣùgbọ́n ìpàdé Challenge dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Tíṣà ṣàlàyé àbá náà tọkàntọkàn, wọ́n wá pe obìnrin náà sórí pèpéle pé kó bì í ṣubú lójú gbogbo wa. Nígbà tó ṣe tán, ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀: "Síbẹ̀ náà, sà, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ..."

"Jókòó!" ni Tíṣà wí. "O ti tún bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn.

Mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ ẹni ńlá láti ìgbà náà, mo sì ti mọ bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó kí àgbà fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò já òun ní koro. Tíṣà ti ní àbá mìíràn báyìí, lórí ìmọ́lẹ̀. Obìnrin yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè kó wá dán an wò. Mo pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti béèrè bó ti rí.

"Kò tíì ṣubú o," ni ó wí. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.